Ojú Ta Lẹ Ń Wò Tí Ẹ Fi Ń Kọ̀wé sí Oníbàárà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń ké: mo ránṣẹ́ sí oníbàárà, kò dá mi lóhùn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kí n tó gbé ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ mi obìnrin. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo fi ọdún mẹ́fà tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ ọjà àti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn, Màmá, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi ni. Ọmọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn 240 ni mo kọ èyí sí: "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ènìyàn wa. Ojúlówó aṣọ òkè, oríṣiríṣi àwọ̀, owó pọ́ọ́kú. Ìtẹ́lọ́rùn yín ni ìdùnnú wa. Ọlọ́run yóò ṣe ayẹyẹ tiwa náà ní rere." Ènìyàn mọ́kànlá ló dáhùn. Àwọn mọ́kànlá náà, "Àmín" ni gbogbo wọn kọ. Níbo ni mo ti ṣì í? — Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Àdúrà lẹ fi ránṣẹ́, wọ́n sì ṣe àmín sí i. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà wò. Ibo lẹ ti ní kí ẹni tó kà á ṣe nǹkan kan? Ẹ ò ní kó pè yín, ẹ ò ní kó yan àwọ̀, ẹ ò dá ọjọ́ kankan. Àmín nìkan ni àyè wà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fóònù kúrò ńlẹ̀. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ má rò pé 240 ló kà á. Bí oníbàárà bá ti san owó, kó tó kúrò níwájú yín, ẹ ní kó kọ orúkọ yín sínú fóònù rẹ̀ kí ojú yín tó o. Mo ti rí ìyá oníṣòwò kan tó ń gba fóònù lọ́wọ́ oníbàárà, tó ń bá wọn kọ "Ìyá Aláṣọ Ìtòkú" síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára gan-an ni ti àwọn 240 náà. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, mo ní kí ẹ ka orúkọ ogún àkọ́kọ́ fún mi, kí ẹ sì sọ ẹni tí oníkálukú jẹ́. Ìyá tó ti ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ lọ́wọ́ yín rí, méje. Télọ̀ ní Èkó, mẹ́rin. Ẹni tó wà lókè òkun, mẹ́ta. Nínú mẹ́fà tó kù, méjì ń ta òwú fún yín, méjì jẹ́ àna yín, ọ̀kan jẹ́ fọganáísà, ọ̀kan jẹ́ lèmọ́mù àdúgbò. Bàbá, ọ̀rọ̀ wo ló lè wọ gbogbo àwọn wọ̀nyí létí bákan náà? Bí ẹ bá ń hun fìlà, ẹ ò ní hun ún láìwọn orí.

Ẹ mú ìyá ìyàwó. Mo ti jẹ́ ìyá ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta, mo mọ ohun tí kì í jẹ́ kó sùn. Kì í ṣe "ojúlówó". Ẹ̀rù ń bà á pé aṣọ lè má dé kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọ̀ tó rí nínú fóònù kọ́ ló máa rí lọ́wọ́, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ogójì ẹbí ló sì ti gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí sí i: "Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, Mà. Àyè aṣọ ìdílé méjì ló kù lọ́wọ́ mi kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Bí ẹ bá fi àwọ̀ tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ẹtì, màá hun àpẹẹrẹ kékeré kan, màá ya fọ́tò rẹ̀ lójú oòrùn, ẹ óò rí i kí ẹ tó san owó." Ojú oòrùn yẹn ṣe pàtàkì. Àlàárì, aṣọ òkè pupa yẹn, tí a bá yà lábẹ́ gílóòbù lálẹ́ máa ń dà bí àwọ̀ mìíràn, ojú fóònù ni ìjà aláṣọ àti oníbàárà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Télọ̀ ńkọ́? Ìdí máṣíìnì ni yóò ti kà á, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, oníbàárà kan sì dúró tì í. Ìlà mẹ́ta ló ráyè fún: "Ẹtù àti àlàárì wà nílẹ̀, búńdù 12. Fífẹ̀ ìnṣì mẹ́rin. Ọkọ̀ ń kúrò ní Ìsẹ́yìn ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mélòó ni kí n dì fún yín?" Ẹ má ṣe kọ iye tí ẹ ń tà á fún télọ̀ sínú rẹ̀ o. Oníbàárà tó dúró tì í yẹn lè máa bá a ka fóònù náà, owó ọjà télọ̀ yín á sì tú síta.

Ẹni tó wà lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ wo aago. Ẹ ní aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ máa ń ránṣẹ́, lẹ́yìn ìrun. Nígbà òtútù, aago márùn-ún ìdájí ló ń lù ní Peckham, nílùú London, ní Houston l'Amẹ́ríkà sì rèé, aago mọ́kànlá alẹ́ àná ni. Ohun tó ń ba ẹni yẹn lẹ́rù ni pé òun á san owó, òun ò ní rí aṣọ, òun ò sì ní lè wọkọ̀ wá bá yín jà. Nítorí náà, ẹ sọ ọjọ́ tí aṣọ máa kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọwọ́ ẹni tí yóò gbà kọjá, ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò torí pé òun ni yóò san owó ẹrù. Ẹ ní kó fi téèpù wọn orí ọkọ rẹ̀ wá fún fìlà. Téèpù yẹn ni yóò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó sídìí iṣẹ́ òun.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí fóònù tó dé. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ṣe àrokò ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á ti mọ̀: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Tó bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ, àwa méjèèjì ti jọ gbà. Ẹyọ mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ló máa rí, yóò ná an. Ẹni tó di àrokò ní láti mọ ohun tó wà nínú orí ẹni tó máa tú u.

Èmi náà jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rántí rẹ̀. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù tajà ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá ra 30 yáàdì àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀, wọ́n ti dáwó jọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi: ₦200 kúrò lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan. Kò tó wákàtí kan tí fóònù mi fi dún. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, "Ìyá, mo ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Méjì nínú wọn ni oníbàárà yín, wọ́n ti rí ohun tí ẹ kọ. Kí ni kí n wí fún wọn?" Mo dá ₦6,000 padà fún un lọ́jọ́ yẹn, mo sì tẹ̀lé e dé ilé ẹ̀kọ́ náà láti ṣàlàyé níṣojú gbogbo wọn. Kò tún ra aṣọ lọ́wọ́ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìdùnnú kọ ló sọ ọmọlúàbí di ẹni tí wọ́n ń wò bí olè. Láti ìgbà náà, kí n tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo máa ń ṣí ìwé títà mi, mo máa ń wo ẹni tó rajà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, màá sì yọ orúkọ wọn. Àwọn yẹn, ọpẹ́ ni mo ń kọ sí.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ ní kí ọmọ yín bá yín pín orúkọ wọ̀nyẹn sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí lèmọ́mù àti fọganáísà máa gba ìkíni ọdún.

Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù. Ọgọ́ta ni àwọn tó ń kó ọjà lọ́wọ́ mi lọ tà. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ₦1,200 ti di ₦1,350, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á sá lọ. Mo fi ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí, ẹ bá mi wò ó, Màmá wa. — Oníbúrẹ́dì

Mo wò ó, ìyàwó wa. Ìlà mẹ́rìnlá ni. Dọ́là wà ní ìlà kejì, dísẹ́ẹ̀lì wà ní ìlà kẹrin, ẹ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà kẹtàlá ni iye tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde. Ẹni tó bá ń kà á yóò ti máa gbọ̀n kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí náà ń ra epo níbi tí ẹ ti ń rà á. Láti òpin oṣù May 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, kò sí ọlọ́jà tí ẹ máa là lójú pé nǹkan gbówó lórí. Wọ́n mọ̀ pé láti òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Nǹkan méjì ni wọn ò mọ̀, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́: èrè tèmi ńkọ́, àti kí ni kí n sọ fún ọmọ tó bá mú ₦1,300 wá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀ fún yín: "Ẹ kú ọjà o. Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, búrẹ́dì ńlá di ₦1,350. Ẹ tà á ní ₦1,450. ₦100 tí ẹ ń jẹ lórí rẹ̀ kò yẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dín. Ẹni tó bá fẹ́ kó o ní ₦1,200 lè kó o títí di alẹ́ Sátidé, ẹni tó bá sì ti san owó sílẹ̀, iye àtijọ́ la ó fi bá a ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ ọn fún wa." Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ó má ṣe jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì bá ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, nítorí pé owó àná ni wọ́n kà sọ́wọ́ dè yín. Ìlà "ìwọ̀n rẹ̀ kò dín" yẹn sì ní láti jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ sọ ọ́ síta. Àwọn márùn-ún tó ń kó jù nínú ọgọ́ta yẹn, ẹ má kọ̀wé sí wọn rárá. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ lọ bá wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Màmá, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí l'Óṣogbo, ọmọ ọdún 27 ni mí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jẹ wá lówó. Alága wa ní kí n kọ orúkọ wọn àti iye tí wọ́n jẹ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí ojú lè tì wọ́n. Ara mi kọ̀ ọ́, àmọ́ àgbà ni alága náà. — Akọ̀wé

Ọmọ mi, ara rẹ kò purọ́ fún ọ. Má kọ ọ́. Ojú á tì wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú bá tì kì í wá sí ìpàdé mọ́, ibẹ̀ lowó sì ń gbà lọ. Àwọn tí kò jẹ gbèsè tí wọ́n ń kà á á máa rò ó nínú ara wọn pé bó ṣe máa rí fún àwọn náà nìyẹn lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Bí o bá fẹ́ ohun tí o máa fi bá alága sọ̀rọ̀ láì já a ní koro, sọ fún wọn pé ìjọba ti bu ọwọ́ lu òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni ní 2023, àti pé nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń dójú ti àwọn tó jẹ wọ́n lówó, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà dìde sí wọn ní 2022. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ tí àwọn òbí wa fi ìfẹ́ dá sílẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà yẹn.

Kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ àti onítọ̀hún nìkan mọ̀ ọ́n. Kó tó di pé o kọ ohunkóhun, wo ìwé ẹgbẹ́, kí o mọ ibi tí owó ti ń wọlé fún ẹni náà. Bó bá jẹ́ olùkọ́, kí ni yóò fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù ṣe? Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kí tìrẹ wọlé. Ìyá tó ń ná ọjà ọrún-ọrún, alẹ́ ọjọ́ tó bá ná ọjà dé ni kí o kàn sí i, nígbà tó ń ka owó. Oní-ọ̀kadà ń rí owó lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ ló sì máa rọrùn fún un. Fún ìyá ọlọ́jà, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, Mà. Nínú ₦150,000 tí ẹ yá ní oṣù Kẹta, ẹ ti san ₦90,000, ẹ ṣeun. Ó ku ₦60,000. Oṣù méjì la ò ti rí yín, ṣé àlàáfíà ni? Bí kò bá rọrùn lẹ́ẹ̀kan, ₦15,000 lóṣù yóò parí rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin. Ẹ sọ èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn fún mi kó tó di Sátidé."

Wò ó, mo kọ́kọ́ ka èyí tó ti san. Ẹni tó jẹ gbèsè máa ń rò pé wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun rere tí òun ṣe. Mo béèrè àlàáfíà rẹ̀ torí pé mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, àìsàn ọmọ lè wà níbẹ̀. Mo sì fún un ní ohun kan tó lè fi dáhùn yàtọ̀ sí "mo gbọ́". Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Onígbọ̀wọ́ ńkọ́? Ó di ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kejì tí kò bá sí èsì, kí o sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni náà pé o fẹ́ bá onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Ẹdẹ. Yorùbá tó lámì ni mo fi ń fi atẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ọ̀rọ̀ tí kò gùn, owó ojú ewé mẹ́ta ni wọ́n ń gé. Ṣé olè ni wọ́n ń jà mí ni? — Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́

Rárá o, bí atẹ̀jíṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan máa ń gbà bó bá jẹ́ lẹ́tà ABD lásán. Ẹyọ "ọ" kan ṣoṣo tó bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yí sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, ojú ewé kan á sì gba 70 péré. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìṣirò yẹn. "Ọ" tó tún ní àmì lórí lè jẹ àyè méjì.

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ àmì kúrò. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń kọ́ èdè rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rọ̀ yín kúrú. Nínú èyí tí ẹ fi hàn mí, "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, inú wa dùn láti fi tó yín létí pé" ti jẹ ojú ewé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìtíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ èyí: "Ìpàdé òbí: Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀. Ẹ mú káàdì ọmọ yín wá." Kò tó 70. Òbí tó wà lórí ọ̀kadà á kà á tán kó tó dé ìdúró.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mò ń ta ẹ̀wà àti gàrí fún àwọn olónjẹ ní Ìbàdàn. Ìyá kan wà nínú wọn tó ń kó àpò mẹ́rin lóṣù, kò mọ̀wé kà. Tí mo bá kọ̀wé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń kà á, ó sì máa ń kà á sódì. — Oníṣòwò kékeré

Má kọ̀wé sí i mọ́, ọmọ mi. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ lórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́. Kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ, ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ máa ń yàtọ̀. Kí i, pe orúkọ rẹ kó mọ̀ pé ìwọ ni, kí o wá sọ nǹkan kan ṣoṣo: "Ẹ̀wà olóyin ti dé láti àná, àpò mẹ́rin yín wà lọ́tọ̀, ṣé kí n gbé e wá lọ́la?" Kó má lé ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ pé owó ti yí padà, fi ti owó sílẹ̀, lọ sọ ọ́ lójúkojú. Kí o sì ṣọ́ àkókò. Olónjẹ kì í gbọ́ nǹkan kan láàárọ̀, ọbẹ̀ wà lórí iná, ènìyàn tò sílẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá ti fọ ìkòkò tán ló máa ń gbé fóònù sétí.

Bí o bá ti ṣe é, kọ̀wé padà sí mi kí o sọ ohun tí ìyá náà sọ. Mò ń retí rẹ̀.